Ìrìn àjò ìjọ wa sí ilé ọmọ òrukàn ní Kisumu: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Olórí Ọ̀dọ́, Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń ṣe kòkáárí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nínú ìjọ wa ní Peckham. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, Oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀ yìí, àwa mẹ́rìnlá la fẹ́ lọ sí Kisumu ní Kenya fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ilé ọmọ òrukàn mẹ́ta la fẹ́ bẹ̀ wò. Pásítọ̀ kan tí Dádì wa, olórí ìjọ wa, bá pàdé ní ìpàgọ́ ló ń bójú tó ọ̀kan nínú wọn, òun náà ló bá wa wá méjì yòókù. A fẹ́ bá àwọn ọmọ ṣeré, ká kọ́ wọn lórin, ká kun ògiri yàrá wọn, ká pín ẹ̀bùn, ká sì jọ ṣe ìsìn lọ́jọ́ Àìkú.

£1,650 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń san. Báàgì aṣọ mẹ́sàn-án ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn àga àwọn akọrin. T-shirt ogójì ti dé lọ́dọ̀ atẹ̀wé, "Orphanage Mission" ni wọ́n kọ sí i láyà.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí: abẹ́rẹ́ wo la máa gbà? Ẹ̀bùn wo la lè pín tí kò ní dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ? Ṣé wọ́n á jẹ́ ká ya fọ́tò? Ẹni tó kéré jù nínú wa jẹ́ ọmọ ọdún 16, Mummy tó dàgbà jù jẹ́ 61. Ẹni tó bá ti lọ irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Manchester

Ẹ kú ìmúra, àǹtí. Ti abẹ́rẹ́ ni kí n mú.

Ibà ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Etí adágún Victoria ni Kisumu wà, ẹ̀fọn ibẹ̀ ò ṣeé fi wé ti Nairobi. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní "ọmọ Nàìjíríà ni mí, ibà ò lè ṣe mí ní nǹkan kan." Irú wọn la máa ń gbà sí wọ́ọ̀dù wa tí ìsinmi bá ti parí. Ẹni tó ti pẹ́ nílùú òyìnbó, ara rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bá ibà jà, èyí tí wọ́n bí síbí kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ẹ lọ rí ilé ìwòsàn àwọn arìnrìn-àjò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú. Tí wọ́n bá fún yín ní Malarone, oògùn tó ń dènà ibà, ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó débẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì máa lò ó títí ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò. Doxycycline ní tiẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń já a jù sílẹ̀ nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù àti hepatitis A, ẹ gbà á. Ti yẹ́lò fífà, ẹni tó bá ti Lọ́ndọ̀nù lọ tààrà, wọn ò ní bi í ní káàdì ní Kenya, àmọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ yà kí wọn nílé ní Nàìjíríà, wọ́n á bi í. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ mẹ́wàá lára kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ti ní káàdì láyé àtijọ́ kó má lọ gba òmíràn: láti ọdún 2016, káàdì náà ti di ti títí ayé.

Ẹ má wẹ̀ nínú adágún yẹn o, bó ti wù kó wù yín tó. Àtọ̀sí ajá wà níbẹ̀.

Èyí tí ẹ ò béèrè: ẹni tó bá ń wúkọ́ lọ́jọ́ yẹn kó má gbé ọmọ ọwọ́ kankan. Gbogbo wa là ń ronú àrùn tí a máa kó bọ̀, a kì í ronú èyí tí a gbé lọ.

Ará Nairobi

Ẹ káàbọ̀ sí ìlú wa. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí iṣẹ́ afárá gbé mi dé ibí, mo sì máa ń lọ sí Kisumu dáadáa. Tí ẹ bá fẹ́ wọ mọ́tò láti Nairobi, nǹkan bí kìlómítà 350 ni. Ọkọ̀ òfuurufú kì í tó wákàtí kan.

Ọ̀rá! Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rá. Láti Oṣù Kẹjọ ọdún 2017 ni Kenya ti fòfin de àpò láílọ́ọ̀nù, owó ìtanràn rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Mo mọ̀ wá. Gaàrí nínú ọ̀rá, bàtà nínú ọ̀rá, ẹja gbígbẹ nínú ọ̀rá méjì kó má baà rùn. Ẹ tú gbogbo ẹ̀ sínú àpò aṣọ kí ẹ tó kúrò nílé.

Físà ti kúrò nílẹ̀ láti Oṣù Kìíní 2024, ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní eTA lẹ ó gbà kí ẹ tó wọkọ̀. Ohun tí ẹ ń lọ ṣe gan-an ni kí ẹ kọ sí i, ẹ má kọ "ìgbafẹ́" kí wọ́n wá bá yín lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà.

Aṣọ tí ẹ kó jọ ńkọ́? Ọjà Gikomba ní Nairobi, ọjà Kibuye ní Kisumu, òkìrìkà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, mitumba ni wọ́n ń pè é. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀gbọ́n aṣọ tí ẹ ń kó bọ̀ ti wà ní Kibuye ṣáájú yín, kò sì gba owó ẹrù ọkọ̀ òfuurufú lọ́wọ́ yín.

Ti ògiri ni kí n fi sinmi. Mo bá ọ̀gá mi kan lọ sí ilé ọmọ kan lọ́dún kẹta tí mo dé, mi ò ní sọ ibi tó wà. Ìgun ògiri yàrá ìjẹun ti bó, mo fi èékánná họ ọ́. Búlúù ló wà lókè. Mo họ ọ́ wọlé, yẹ́lò. Mo tún họ ọ́, búlúù. Abẹ́ rẹ̀ tún ni àwọ̀ ewé. Ẹni tó ń mú wa káàkiri rẹ́rìn-ín, ó ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wá ló máa ń fẹ́ kun nǹkan. Kunlékunlé mẹ́ta jókòó sí kọ̀rọ̀ ojú títì lójú ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n ń wá iṣẹ́ òòjọ́.

Olórí Ọ̀dọ́, Peckham

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rá yẹn nìkan, Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹ̀gbọ́n Nairobi, ṣé pé ká má kun ògiri nìyẹn?

Ará Nairobi

Àǹtí, ògiri kọ́ ni wàhálà. Ẹ wádìí bóyá ó yẹ kí àwọn ilé mẹ́ta yẹn ṣì máa gba ọmọ. Ní Oṣù Kọkànlá 2017 ni ìjọba ibí dá ìforúkọsílẹ̀ ilé ọmọ tuntun dúró. Nígbà tó di 2022, wọ́n ṣe òfin tuntun fún ọ̀rọ̀ ọmọdé: ilé ọmọ di ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ nígbà tí gbogbo ọ̀nà mìíràn bá ti dí, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ. Ètò ọdún mẹ́wàá tún wà, 2022 sí 2032, láti dá àwọn ọmọ padà sínú ẹbí. Ẹ bi wọ́n ní ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ilé ẹjọ́ ló fi ọmọ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Ẹ béèrè pé ọmọ mélòó ló padà sílé lọ́dún tó kọjá. Ilé tó bá ń fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ dáhùn èyí, ọ́fíìsì ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ lẹ́tà sí i.

Bàbá Ìjọ, Birmingham

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra o. Ẹ má fi omi tútù pa iná ọkàn àwọn ọ̀dọ́ yìí. Àwa lọ sí Uganda lọ́dún 2016, a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ilé ọmọ kan nítòsí Jinja, omi ṣì ń yọ níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ yẹn sá wá pàdé wa, wọ́n dì mọ́ wa lẹ́sẹ̀, wọn ò fẹ́ ká lọ. Ṣé ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀? Jákọ́bù orí kìíní, ẹsẹ 27, kò ṣá tíì yí padà. Ìsìn tó mọ́ ni pé ká máa bójú tó aláìníbaba. Tí gbogbo wa bá jókòó sílé tí a ń ka òfin, ta ni yóò lọ?

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ kú ọjọ́ o, bàbá. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè kọ nǹkan kan.

Mo gbé ilé ọmọ aláìníyàá kan n'Íbàdàn láti ọmọ ọdún mẹ́rin títí mo fi pé mọ́kànlá. Ẹ má bi mí ní orúkọ ibẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni àlejò máa ń wá. Tí a bá ti rí i tí mátírọ́ọ̀nù ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, a ti mọ̀. Bàtà funfun ló wà nínú ẹ̀, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí èyí tó bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu gan-an. Tèmi máa ń fò yọ lẹ́sẹ̀ mi, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ ìka dì í mú. A ó tò sí kọ́ríìdọ̀, a ó kọrin ẹ káàbọ̀. Wọ́n á gé kéèkì ọjọ́ ìbí ọmọ wọn tó wà nílé, wọ́n á to àpò ìrẹsì àti páálí Indomie síwájú wa kó lè wọ inú fọ́tò. Mọ́tò wọn ò tíì ní yí kọ́nà tán tí bàtà á ti padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Àǹtí kan wá láti ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ìpara ọwọ́ rẹ̀ ń ta sánsán bí ọsàn. Ó gbé mi lé itan odindi ọ̀sán kan, ó dirun fún mi, pátewọ́. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Màá padà wá wò ẹ́ o." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú irun yẹn. Sátidé kọ̀ọ̀kan mo máa ń dúró sídìí géètì. Nígbà tí iná orí wọ ilé wa, wọ́n fi abẹ fá gbogbo wa lórí. Mo sunkún débi pé mátírọ́ọ̀nù rò pé abẹ gé mi, ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà.

Kò lè mọ̀. Mo ti dárí jì í tipẹ́, ọmọ ọgbọ̀n ọdún lòun náà máa jẹ́ nígbà yẹn.

Ohun tí kò sí àlejò kan tó bi wá rí ni pé, "Níbo ni ìyá yín wà?" Tèmi wà láàyè. Ó ń ta gaàrí lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Bàbá mi ló kú, ẹbí kó ohun tó wà nílé, oyún àbúrò mi sì wà nínú ìyá mi. Ẹnì kan ló sọ fún un pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń rán ọmọ níléèwé lọ́fẹ̀ẹ́, tí ọmọ sì ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, abẹ́ igi máńgòrò la máa ń jókòó sí, á bó ẹyin sísè fún mi. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé tí àlejò bá béèrè, ká ní a ò lẹ́ni.

Bàbá, ẹ ò dẹ́ṣẹ̀ o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé owó ìrẹsì tí wọ́n tò síwájú mi lọ́jọ́ Sátidé kan ì bá gbé àtẹ gaàrí ìyá mi dìde.

Bàbá Ìjọ, Birmingham

Ọmọ mi, mo ka tìrẹ. Ọlọ́run á tu ìyá ẹ lára. Ṣé ó ṣì wà?

Ọmọ Òkè-Àdó

Ó wà, bàbá. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí, ó ń bá mi tọ́ ọmọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń bínú pé mi ò tíì wá jẹun.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Iṣẹ́ ètò ọmọdé ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu iṣẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó rí àlejò tí kò rí rí, tó sáré wá dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹ wo ọmọ yín nílé. Ṣé ohun tó máa ń ṣe nìyẹn? Ẹ̀yìn ìró yín ló máa ń sá sí, á máa yọjú wo àlejò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá ń dì mọ́ gbogbo ayé, àìrí ẹnì kan pàtó dì mú ló fà á. Àlejò tó wá fún ọjọ́ mẹ́ta tó tún lọ, ó kún àwọn tó ti lọ ṣáájú.

Ẹ rántí Romania. Nígbà tí ìjọba Ceaușescu wó ní 1989, ọmọ tó ju 100,000 lọ ni wọ́n bá nínú ilé ìtọ́jú. Ní 2000, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Bucharest lórí ọmọ 136. Wọ́n fi ìdajì wọn sọ́dọ̀ ẹbí alágbàtọ́, ìdajì yòókù wà lábẹ́ ìtọ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó rí ẹbí kí wọ́n tó pé ọdún méjì ló gbádùn jù, ní ọ̀rọ̀ sísọ, ní ọpọlọ, ní bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ilé tó ní bẹ́ẹ̀dì ni àwọn yòókù wà, wọ́n ń jẹun.

Àjọ Save the Children náà kọ ọ́ ní 2009 pé, ó kéré tán, mẹ́rin nínú márùn-ún ọmọ tó wà nílé ọmọ òrukàn lágbàáyé ló ní òbí kan láàyè. Ọ̀rọ̀ ìyá Ọmọ Òkè-Àdó yìí kì í ṣe àkàndá.

Àǹtí Peckham, ẹ dá mi lóhùn èyí: ilé mẹ́ta yẹn, ṣé wọ́n ti bi yín ní ìwé àyẹ̀wò ọlọ́pàá? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹ ò lè bá ọmọ kọ́ Sunday school láìṣe DBS. Ìwé kan wà fún àwọn tó ń lọ bá ọmọdé ṣiṣẹ́ lókèèrè, International Child Protection Certificate, ICPC, ni wọ́n ń pè é. Ilé tó bá jẹ́ kí àlejò mẹ́rìnlá wọ yàrá ọmọdé láìbéèrè nǹkan kan, ta ló tún ń jẹ́ kó wọlé?

Olórí Ọ̀dọ́, Peckham

Wọn ò bi wá ní nǹkan kan, àǹtí. Iye èèyàn tó ń bọ̀ nìkan ni wọ́n béèrè, àti ìgbà tí owó máa dé.

Alàgbà, Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Jákọ́bù yẹn díẹ̀, nítorí wọ́n ti ń kà á ní àkàdádúró ó pẹ́. Ẹ ṣí Bíbélì yín. Aláìníbaba *àti opó* ló wà níbẹ̀. Jákọ́bù kò já wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Aláìníbaba tó ń wí, opó ló bí i, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ìpọ́njú kan náà ló ń bá wọn fínra. Àwa la dé tí a kọ́lé fún ọmọ, tí a fi ìyá sílẹ̀ ní ẹ̀yìn odi.

Àwa ará Abẹ́òkúta kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé èyí fún. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn, ọmọdé ni. Ó dé Sierra Leone, ọwọ́ míṣọ́nnárì ló ti kàwé, ẹni tó bá rí i níbẹ̀ á ní ọmọ tí kò lẹ́ni ni. Ìyá rẹ̀ wà láàyè! Ọdún 1846 ni wọ́n tó fojú kan ara wọn nílùú wa níbí, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà. Àfàlá ni ìyá náà ń jẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo ara wọn. Mo máa ń rántí èyí tí ẹnikẹ́ni bá ti pe ọmọ kan ní "aláìlẹ́ni" lójú mi.

Ọmọ Èkó, Houston

Ẹ fi ti Haiti kún un. Oṣù Kìíní 2010, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mì tán níbẹ̀, àwọn onítẹ̀bọmi mẹ́wàá láti Amẹ́ríkà kó ọmọ 33 sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń kó wọn lọ sí ilé ọmọ òrukàn tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ ní Dominican Republic. Bọ́dà ni wọ́n ti mú wọn, wọ́n sùn sí àtìmọ́lé. Nígbà tí wọ́n wádìí àwọn ọmọ, wọ́n ní òbí, àwọn òbí ọ̀hún ló fọwọ́ ara wọn fà wọ́n kalẹ̀, nítorí wọ́n ṣèlérí iléèwé fún wọn. Mo gbà pé àdúrà ni àwọn yẹn náà ń gbà lọ́nà.

Olórí Ọ̀dọ́, Peckham

Ẹ̀yin ará, mo ti pe pásítọ̀ Kisumu. Wákàtí kan ààbọ̀ la fi sọ̀rọ̀. Mo bi í ní gbogbo ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n Nairobi. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà, ó ya á ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo ní, "Sà, nínú ọmọ 38 yìí, mélòó ló ní òbí tàbí ìyá àgbà?" Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó ní 31.

Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n padà sílé. Pé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ ní Kenya láti 2003, àmọ́ aṣọ iléèwé, bàtà àti oúnjẹ ọ̀sán ni kì í jẹ́ kí àwọn ìyá àgbà yẹn lè gbà wọ́n. Ó tún wá sọ èyí tó ká mi lára jù. Ó ní, "Sister, tí mo bá kọ̀wé sí àwọn ìjọ pé mo fẹ́ ran ìyá àgbà 31 lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Tí mo bá kọ̀wé pé mo ní ọmọ òrukàn 38, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Àwọn ilé méjì yòókù ò gbé fóònù mi mọ́ látìgbà tí mo béèrè ìwé.

Ará Nairobi

Ẹ jáwọ́ nínú méjì yẹn. Ti pásítọ̀ yìí, olóòótọ́ èèyàn ni, ẹ mú un dání. Sọ fún un kó lọ bá ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ ọmọdé kí wọ́n jọ ṣètò ìpadàsílé. Wọn kì í dá ọmọ padà bí ẹni dá àpótí ọtí padà o. Wọ́n á lọ wo ilé, wọ́n á wo bóyá ìyá àgbà lágbára, ọmọ á kọ́kọ́ lọ sùn níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó bá ti padà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni. Ìjọba náà ní owó ìrànwọ́ kan tó ń fún ẹbí tó ń tọ́ ọmọ òrukàn láti 2004, ẹ ní kí wọ́n wádìí bóyá orúkọ àwọn ìyá àgbà yẹn wà níbẹ̀. Owó tí ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ M-Pesa, ètò ìfowóránṣẹ́ orí fóònù, kó ní àkọsílẹ̀, ẹ má fi káàṣì dí báàgì.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Àwọn méje tó ṣẹ́kù ńkọ́? Ẹ béèrè dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ abirùn ló máa ń kẹ́yìn, torí ìtọ́jú rẹ̀ wọ́n, aládùúgbò sì ń fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì, tó bá wà nínú yín, ti wúlò: kí wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ọmọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ́ wọn ní èyí tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kọ́. Àwọn yẹn ni yóò ṣì wà níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Fọ́tò: ẹ má ya ojú ọmọ kankan. Kenya ní òfin ààbò lórí ọ̀rọ̀ ara ẹni láti 2019, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní kò sí òfin, ṣé ẹ máa jẹ́ kí àjòjì wọ iléèwé ọmọ yín kó ya á, kó gbé e sí Facebook kó sì kọ "òtòṣì" sábẹ́ ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Manchester

Tí ẹ bá nílò nọ́ọ̀sì kan sí i, mo ní ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi tí mi ò tíì lò. Èmi á san tèmi.

Bàbá Ìjọ, Birmingham

Mo pe Jinja lánàá. Ọmọ mẹ́rin ni mò ń fi owó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù láti 2016, mi ò bi wọ́n léèrè ìyá rí. Méjì ní ìyá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ni ó ń se oúnjẹ níbẹ̀. Mo ti jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Olórí Ọ̀dọ́, Peckham

Ẹ kú ìdúró. A ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wákàtí mẹ́ta. Ìjà díẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Òbí méjì gba owó wọn padà, wọ́n ní ọmọ àwọn fẹ́ lọ "rí Áfíríkà", pé àwọn ti sọ fún gbogbo ará ilé. Mummy ọmọ ọdún 61 yẹn ló yanjú ẹ̀. Ó dìde, ó ní opó lòun láti ọdún 1998, ọmọ mẹ́ta lòun sì fi iṣẹ́ fífọ ọ́fíìsì tọ́ ní Elephant and Castle, pé ká ní ẹnì kan wá kó wọn lọ sílé ọmọ òrukàn nígbà yẹn kó fún wọn ní T-shirt, òun ì bá bú u. Gbogbo ilé dákẹ́.

Èèyàn mẹ́rin ló ń lọ: nọ́ọ̀sì méjì, akáńtáǹtì ìjọ wa, àti Mummy fúnra ẹ̀, ó ní òun fẹ́ jókòó ti àwọn ìyá àgbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n máa lò. Kò sẹ́ni tó máa sùn nílé ọmọ. Nínú £23,100, a dá £3,300 padà fún àwọn òbí méjì yẹn. Ti ìrìn àjò máa jáde nínú ìyókù, èyí tó bá ṣẹ́kù á lọ fún ìpadàsílé, ẹbí kọ̀ọ̀kan fún ọdún méjì, akáńtáǹtì á máa gba àkọsílẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Dádì ní ká tún gbàdúrà sí i, àmọ́ ó ti fọwọ́ sí i. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ́kù ń bínú sí mi díẹ̀. Àwọn báàgì aṣọ ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù àánú tó wà ní Rye Lane.

Wàhálà tó kù ni T-shirt ogójì.

Télọ̀, Woolwich

Ẹ má jù ú nù o. Ẹ gbé e wá, mo lè tú u, kí n fi rán ìbòrí ìrọ̀rí tàbí épírọ́ọ̀nù fún àwọn tó ń dáná ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ̀n wo ni?

Olórí Ọ̀dọ́, Peckham

Large ni gbogbo ẹ̀, àǹtí. Kò sẹ́ni tó wọn ẹnikẹ́ni.